Òyìnbó tí a lé kúrò ní òpópónà wa

Ẹ gbà mí o, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lónìí!

Àárọ̀ yìí la yọ orúkọ òpópónà wa, níbí ní Addo, lẹ́bàá Ajah. Harrison ló ń jẹ́. Alága ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù wa ní òyìnbó amúnisìn ni Harrison, pé ó ti tó àsìkò kí orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú ilé wa. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an ni mo di àkàbà mú fún ẹni tó ń tú bọ́ọ̀dù náà.

Bọ́ọ̀dù ò tíì kanlẹ̀ dáadáa tí Màmá Ẹlẹ́ja, ìyá àgbà tó ń yan ẹja ní ìkóríta wa, fi sáré dé.

"Kí ni bàbá mi ṣe fún yín?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Màmá, òyìnbó ni Harrison o."

"Òyìnbó wo? Apẹja ni bàbá mi! Àlùfáà ló sọ wọ́n ní Harrison lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi. Àdá ọwọ́ wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà yìí dé ọ̀sà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó mọ ibi tí Ajah wà!"

Alága ń wo bàtà ara rẹ̀.

Màmá gbé bọ́ọ̀dù náà mọ́ àyà, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ìwọ tó ń jẹ́ Victoria, ṣé òyìnbó ni bàbá tìẹ náà?"

Àkàbà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?