Ọ̀gá Aláìsàn Tó Ń Kọ́ Àwọn Dókítà Lọ́rọ̀ Sísọ

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá yìí kọ́, òun náà ló sì fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti tábìlì ìgéṣọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé aṣọ wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Bí o bá ní kí ó rán ohun tí kò ní yẹ ọ́, kò ní fi bò fún ọ. Yóò sọ ọ́ lọ́nà tí ìwọ fúnra rẹ yóò fi rẹ́rìn-ín, wàá sì yí ọkàn padà.

Ó pé ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan nínú ọmú òsì rẹ̀. Wọ́n yọ díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà tó sọ èsì náà fún un kò tilẹ̀ jókòó. Ojú fáìlì ló ń wò bó ṣe ń sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé àwọn máa gé ọmú náà, kí ó lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lójú fèrèsé kẹta. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì jáde. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìyá náà, kò sì rí ẹni bi í.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fún un lóògùn tó mú kí irun orí rẹ̀ re tán, ara rẹ̀ sì yá. Kò sẹ́ oore dókítà yẹn rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé ọwọ́ ọkùnrin náà dára, ẹnu rẹ̀ ni kò bá ọwọ́ dọ́gba.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ wá gba aṣọ, ó sì sọ fún un pé ọsibítù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó bí aláìsàn, kí àwọn dókítà fi dánra wò. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun fẹ́ máa ṣeré orí ìtàgé lọ́jọ́ ogbó ni. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, ó gba ọsibítù lọ.

Yàrá kékeré ni, àga méjì láàárín, àwọn dókítà yòókù lẹ́bàá ògiri. Ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí àgbàdo tí àpò rẹ̀ ya. Ìyá nawọ́ sókè.

“Dókítà mi, láti ìgbà tí ẹ ti dárúkọ jẹjẹrẹ ni mi ò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí n lè bá yín.”

Òmíràn fọwọ́ sọ̀yà fún un pé yóò yá dandan, ìyá sì rọra bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Aláìsàn.

Ó di ọjọ́ kan, ẹni tó wọlé ni dókítà tó sọ èsì fún un lọ́jọ́sí. Ó ti hewú, ó ti di olórí ẹ̀ka náà, kò sì dá a mọ̀. Ìyá rọra sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá kí ẹlòmíràn jókòó dípò rẹ̀, ó ní rárá. Ọkùnrin náà ṣí fáìlì lórí ìdúró, ó sọ tirẹ̀ tán.

Ìyá ní, “Dókítà, ṣé màá kú?”

Dókítà gbójú sókè. Ó pa fáìlì dé, ó fa àga mọ́ra, ó jókòó.

“Mi ò mọ̀, mà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tí a lè ṣe ṣì pọ̀, mi ò sì ní fi yín sílẹ̀. Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?”

Ìyá sọ fún un nípa ọmọbìnrin kan tó ṣì wà nílé ìwé, tí kò ní ẹlòmíràn láyé. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ, dókítà bi ìyá níbi tó ti kọ́ eré ṣíṣe tó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìyá dáhùn pé, “Ẹ̀yin lẹ gé ọmú mi, dókítà, ẹ sì ṣe é dáadáa. Ìbéèrè yẹn nìkan ni mi ò ráyè bi yín.”

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ìyá ní bí inú bá ń bí òun ni, òun kò ní máa kọ́ ọ. Láti oṣù yẹn ni dókítà náà ti ń wá jókòó láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, tó ń béèrè ohun tí kò yé e.

Nígbà tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, ìyá ni wọ́n ní kí ó ṣí ẹ̀kọ́ fún àwọn dókítà tuntun. Ọgbọ̀n ni wọ́n, gbogbo wọn dìde fún un. Ọmọ rẹ̀ gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí dókítà kan yíjú sí i tó bi í bóyá ó mọ ìyá náà, kò lè pa eyín dé kó tó dáhùn.