Tísà Yọ-Mẹ́wàá

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ orúkọ náà. Yọ-Mẹ́wàá ni gbogbo wọn ń pe tísà sáyẹ́ǹsì yìí, ìyàwó rẹ̀ pàápàá a sì máa pè é bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn. Rúlà onígi kan tó gùn tó mítà kan ló fa orúkọ náà. Òun nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ní, aláìgbọràn ọmọ kan sì ti fi orí rúlà náà ṣí fèrèsé tó há, ló bá kán. Odo ti lọ, ení ti lọ, èjì àti ẹ̀ta ti bá wọn lọ. Láti ìgbà náà, orí mẹ́wàá ni tísà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Bí ọmọ bá sì ti ka iye tó rí, tísà á ké mọ́ ọn pé, "Yọ mẹ́wàá!"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọ kíláàsì tuntun, kì í mú rúlà dání rárá. Á ní kí àwọn ọmọ na ọwọ́ wọn láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, kí wọ́n fi wọn tábìlì. Ọ̀kan á ní mẹ́fà, òmíràn á ní mẹ́jọ, ariwo á sì sọ.

"Ta ló ń parọ́ nínú yín?" ni tísà á bi wọ́n. "Kò sí. Ọwọ́ yín ni ò dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ayé fi fẹnu kò lórí mítà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ ẹlòmíì jẹ."

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, íǹṣì nìyẹn sì ń fojoojúmọ́ ayé rẹ̀ kà. Ìjà wọn kò ju èyí lọ. Tísà á ní téèpù ìyàwó òun ti fà bíi rọ́bà, pé igi kì í fà. Ìyàwó á dá a lóhùn láìgbójú kúrò lára màṣíìnì: "Ó fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí tèmi ṣì wà lọ́rùn." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí.

Ẹsẹ̀ ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ lára obìnrin náà kó tó gun òkè. Ó pẹ́ ní ọsibítù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í sórí àga onítáyà, níbẹ̀ náà ló sì ti sọ ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́.

"Bí mo bá délé, kí ẹnikẹ́ni má gbé mi wọ yàrá mi. Ọwọ́ mi ni màá fi yí táyà mi wọlé, màá sì jókòó ti màṣíìnì mi. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé mi kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn ń bọ̀. Kó ṣáà má ṣojú mi."

Nígbà tó yá, dókítà ní iṣẹ́ àwọn ti parí lórí rẹ̀, kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Àkọ́bí wọn obìnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, ó sì lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe ń fẹ́ kó rí. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Ó gbálẹ̀, ó nu màṣíìnì, ó sì wọn ìbú àga náà ní ọsibítù pẹ̀lú téèpù nọ́ọ̀sì: méjìdínláàádọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Nílé, ó gbé rúlà rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá, ó fi mẹ́wàá ti òpó kan, ó sì ka ìyókù níbi òpó kejì. Márùndínlọ́gọ́rin. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ń rí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń wọlé.

Káfíńtà tó ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí yà wá wo iṣẹ́ náà. "Sà, ẹ jẹ́ kí n fi téèpù tèmi wò ó. Ojú ọ̀nà yìí há lójú mi."

"Ìwọ tí mo kọ́ ní wíwọn nǹkan?" ni tísà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọ̀sán ni ọmọ wọn ti ìyá rẹ̀ wọ pálọ̀. Níbẹ̀ ni obìnrin náà ti ní kó fi òun sílẹ̀, ó di táyà mú, ó sì yí i. Àga náà lọ kọlu òpó ẹnu ọ̀nà. Ó fà sẹ́yìn, ó tún gbìyànjú. Irin kan igi lọ́tùn-ún, ó kan igi lósì.

"Téèpù mi wà lórí màṣíìnì," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Lọ mú un wá, kí o wọn ọ̀nà yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà tí bàbá rẹ fẹ́ràn."

Ọmọ náà wọ̀n ọ́n. "Márùndínláàádọ́rin, Mọ́mì."

Tísà gbé rúlà rẹ̀, ó wo orí rẹ̀ tó kán. Àgbà tó ṣubú wo ẹ̀yìn, ó sì rí ibi tó ti kọsẹ̀ kedere. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Yọ-Mẹ́wàá! Ta ló gbàgbé láti yọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Tísà kò lè rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé yín wọlé. Kò ní pẹ́ rárá."

"Mo ti sọ tèmi."

Káfíńtà ti wà níbi iṣẹ́ tó jìnnà. Ó dáhùn lórí fóònù pé àárọ̀ ọ̀la lòun máa dé. Wọ́n tẹ́ ibùsùn fún obìnrin náà ní pálọ̀.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, tísà lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kí ẹlòmíì má bàa mú un lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà dé, àga onítáyà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó há sáàárín òpó méjèèjì. Ọwọ́ obìnrin náà wà lórí táyà. Ó fi orí ti igi.

"Ó ní kí n ti òun débẹ̀ kóun lè máa wo màṣíìnì òun," ni ọmọ wọn wí láti ilé ìdáná. "Mò ń gbé omi kaná fún un."

Tísà fọwọ́ kan ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ti ń tutù. Ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà láìṣẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní kóun lọ pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá bá wọn gbé e.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e."

Káfíńtà ṣì di àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mú. "Sà, ṣé kí n máa lọ?"

"Gé e."

"Mélòó ni kí n fi kún un, sà?"

Tísà wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí táyà. "Fi mẹ́wàá kún un."

Wọ́n fa àga náà sẹ́yìn, ọmọ náà sì fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ nítorí eruku. Káfíńtà yọ òpó, ó gé ògiri, omijé ń bọ́ lójú òun náà. Nígbà tó parí, tísà ká aṣọ náà kúrò, ó gbé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ padà sórí táyà, ó sì rọra tì í. Àga náà wọlé, kò kan igi, kò kan ògiri. Ó tì í dé ìdí màṣíìnì, ó jókòó tì í títí oòrùn fi kan fèrèsé, ó sì wá sọ fún wọn pé wọ́n lè gbé e.