Àgbá Tí N Kò Lu Nídìí

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ àgbá irin kan ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ ní ìdúró.

Ibì kan wà lọ́nà Pobè sí Sakété tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí olóró àwọn ilé-iṣẹ́ wá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù, n ó ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú omi rẹ̀. Bí bébà bá pọ́n, omi náà kan nìyẹn. A ó da ẹfun sísun sí i, a ó máa rò ó títí bébà yóò fi di àwọ̀ ewé. Ẹrẹ̀ tó bá kù nísàlẹ̀, a ó pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, a ó rì í mọ́ kòtò. Àgbá tó bá ṣófo ńkọ́? Òfin ni pé ká fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi gba omi.

Towé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, omi òjò ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá àgbá kan.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká lu gbogbo wọn nídìí.”

“Kí o lu àgbá tèmi nídìí? Ṣé mo ti kú ni?”

Ojú tì mí. Ní ilé wa, ìkòkò omi òkú nìkan là ń lu nídìí.

“Oró wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Èmi ni mo fọ ìdí rẹ nígbà tí o ò tíì lè jókòó. Àgbá ni n ò wá ní lè fọ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ọ̀kan wá fún un láìlu ìdí rẹ̀. A fi eérú àti háhá ẹyìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ki bébà bọ omi ìkẹyìn: àwọ̀ ewé. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó mu omi àgbá yẹn fún ọdún méjì. Inú rírun bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí. Mo bu omi náà sínú ìgò, mo gbé e fún ọmọbìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ní lábò wa. Kò tilẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fi jáde sí mi.

“Bàbá, níbo lẹ ti bu èyí?”

“Mo ti fi bébà wò ó o.”

“Kíkan nìkan ni bébà ń sọ, Bàbá. Òjé ló wà nínú omi yìí. Òjé kì í kan.”

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo dé Towé, àgbá náà sì ń gba omi, tó, tó, tó. Mo jẹ́wọ́ fún un.

“Ká ní o lù ú,” ó ní, “ǹ bá bú ọ dé ọ̀dọ̀ ọba.”

“Kí ẹ bú mi ì bá sàn, ẹ̀gbọ́n.”

Kò mu ún mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti wọlé kò jáde títí ó fi kú. Dókítà ní òun kò lè búra pé àgbá yẹn ló pa á. Èmi náà kò lè búra pé òun kọ́.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù, ọmọbìnrin rẹ̀ kó aṣọ, ọmọkùnrin rẹ̀ gba oko. Kò sẹ́ni tó bèèrè àgbá. Ó di tèmi. Mo gbé e padà síbi iṣẹ́, mo lu ìdí rẹ̀, òfin iṣẹ́ àti òfin ilé wa ṣẹ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n rì í mọ́ kòtò níṣojú mi. Síbẹ̀, bí òjò bá ń rọ̀, mo ń gbọ́ ọ tó ń kún.