Odó Ìyá Onílé

Bí mo bá gbọ́ fèrè lọ́rì, ìyá onílé wa ní Òṣòdì ni mo máa ń rántí. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á yí odó rẹ̀ sí àárín títì kí àwa ọmọdé lè ráyè ṣeré. Ta ló fún un láṣẹ? Ẹnu rẹ̀ ni. Awakọ̀ tó bá fọn fèrè, á gbé ọmọ ọwọ́ tó pọ̀n lé e lọ́wọ́: "Bá mi gbé e, kí n lọ gbé odó." Á wá máa yan lọ bí ìyàwó tuntun.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá káńsù kan wọ kóòtù funfun dé.

"Màmá, ẹ gbé odó yìí kúrò. Mọ́tò ló ni títì."

Màmá gbé ọmọ fún un. Ọmọ tọ̀ sí i láyà, ó ṣàn dé bàtà.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹni tó ni títì ló ń kí yín káàbọ̀ yẹn."