Ẹ̀gbọ́n Múídì Ní Mo Fi Gìtá Bú Òun

Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ lónìí: amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá báàsì mi jáde, tí ẹ ti ń bá mi yìn látọjọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n Múídì tá a jọ ń ta báàsì ló ni ín, wọ́n kàn ń yá mi ni.

Lọ́sàn-án yìí, wọ́n ní kí n wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ṣàngó, kí n wá fi amp tuntun wọn wé ti àtijọ́. Mi ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Tuntun yìí ń mi ògiri, kì í hó, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ìlọrin. Títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, wọn ò sinmi.

Mo bá ki wáyà gìtá mi bọ tuntun, mo ta á díẹ̀ láti dán an wò: re re re dò dò.

Ojú wọn yí padà.

"Èmi lò ń sọ fún pé 'ẹnu ẹ pọ̀ jù'?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó tì o! Ṣebí 'ọmọ mi dàgbà' ni mo ta!"

"Ọmọ ta ló dàgbà? Gbé gìtá ẹ, kó o máa lọ. Amp kankan ò kúrò níbí mọ́."

Sátidé yìí la sì ní òde ìgbéyàwó o!

Ó sú mi. Èyí tó tún burú ni pé mi ò mọ̀ bóyá ìka mi bú wọn lóòótọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fẹnu kọ ọ́ wò: re re re dò dò. Kí lẹ gbọ́?

Lọ́la, màá padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹnu ni màá fi bẹ̀ wọ́n, mi ò ní gbé gìtá dání.