Okùn Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyá

Ẹni tó bá gba iwájú ibi iṣẹ́ Issiaka kọjá ní Tchatchou, lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou, yóò rí alùpùpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti tú ìfun wọn síta. Yóò sì rí ọkùnrin kan láàárín wọn tó ń fi ìka méjì lu ìdérí táńkì, bíi pé ẹnì kan ń kọrin sí i létí. Ẹ má rò pé orí ọkùnrin náà dàrú o. Gìtá ló ń ta. Lójú àwọn oníbàárà, alátùn-ún-ṣe alùpùpù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀ léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, gìtá báàsì ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

Gìtá ọ̀hún, ká má purọ́, kò ṣeé wò lójú. Ọ̀nà Kika ló gbà wọlé láti Nàìjíríà, ó sì ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kó tó kan Issiaka. Ara rẹ̀ ti là, Issiaka fi pákó tíìkì lẹ̀ ẹ́. Okùn mẹ́rin ló ní. Èyí tó nípọn jù nínú wọn já, kò sì rí irú rẹ̀ rà nítòsí, ni ó bá yọ wáyà ìjánu lára alùpùpù kan, ó fi rọ́pò rẹ̀. Wáyà yìí kì í dún bí àwọn yòókù. Ohùn rẹ̀ há, ó sì wúwo, bí ohùn àgbà obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì fi omi yọ ẹnu. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ìyá nìyẹn.

Seidou, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wọn, sọ okùn yìí di àṣà. Bí orin bá ti wọra tán, Seidou á gbé àgbọ̀n sókè, á ké pé, "Ìyá!" Ohun èlò gbogbo á pa lọ́lọ́, á wá ku Issiaka nìkan lórí okùn tó nípọn jù lọ, á máa fà á, á máa mì ín jìgìjìgì, títí àwọn èèyàn á fi máa ké lágbo. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló ti ń jẹ́ ìpè yìí. Títí dé Alafiarou, àwọn tí kò mọ ilé rẹ̀ ń pè é ní Issiaka Ìyá, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Àfi bí Farid, ọmọ Tchatchou tó ń ṣòwò ní Cotonou, ṣe gbé gìtá tuntun wá ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Gìtá náà funfun bíi lékeléke. Okùn márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Seidou fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lẹ́yìn ilé rẹ̀, Issiaka gbé gìtá tuntun kọ́ èjìká, ara rẹ̀ sì yá gágá. Orin gbóná. Seidou gbé àgbọ̀n sókè.

"Ìyá!"

Ọwọ́ Issiaka lọ síbi tó ti ń lọ láti ọdún mọ́kànlá, sórí okùn tó nípọn jù. Ohùn tó jáde kò bá orin náà tan rárá. Gbogbo wọn wẹ̀yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lórí gìtá olókùn márùn-ún, wọ́n ti fi okùn kan tó tún nípọn sí i lé òkè èyí tó mọ̀. Ìyá ti di ìkejì.

Rachidi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Parakou ni ọmọkùnrin yìí ti wá bá wọn láti máa tẹ píánò, kò sì sí ohun èlò tí kò lè fọwọ́ kàn. Ó pe Issiaka ní tonton, bí wọ́n ṣe ń fi Faransé pe àgbà, ó ní, "Tonton, àmọ́ Ìyá kọ́ nìyẹn o! Ìyá àgbà lẹ lọ jí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Issiaka náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta lójú ọjà. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jí Ìyá àgbà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Seidou fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Issiaka, samedi, ọjọ́ Àbámẹ́ta, là ń lọ ṣeré fún àwọn àgbẹ̀ Kika. Farid fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá jókòó níwájú. Gìtá rẹ̀ la máa lò, d'accord? Bí kò bá bọ́ sí i fún ọ, Rachidi á ta á, ìwọ á sinmi."

Sinmi! Ọ̀rọ̀ yẹn ni Issiaka gbé relé pẹ̀lú gìtá. Ta ni wọ́n ń sọ fún pé kó sinmi bí kì í bá ṣe òkú?

Láti ọjọ́ náà, ìdí rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde, á tún gbé gìtá, á tún gbé e kalẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni. Lára gìtá àtijọ́, ó ti kan igi pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ibi tí àtàǹpàkò ń dúró sí nígbà tí àwọn ìka yòókù bá ń ta okùn, ọdún mọ́kànlá sì ti gbẹ́ igi náà kòtò. Lára tuntun yìí kò sí igi, kò sí kòtò. Àtàǹpàkò ń rìn kiri bí àlejò tí wọn kò fún ní ìjókòó, nígbà tí òun kò sì ti rí ibi dúró sí, báwo ni àwọn ìka ṣe fẹ́ mọlé? Ó mú ìṣó, ó mú òòlù. Ó wo bí gìtá olówó ṣe ń dán, ó sì rọra gbé òòlù kalẹ̀. Ìwà kí a kan ìṣó mọ́ ẹ̀bùn ẹlẹ́bùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó dá alùpùpù padà fún ọlọ́kadà kan, zémijan tó ń ná Tchaourou. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀, òógùn bò ó.

"Issiaka, kí ni mo fi ṣe ọ́? Frein kò sí níbẹ̀ rárá! Mo tẹ ìjánu, kò mú. Inú igbó kajú ni mo bá ara mi."

Issiaka rántí pé òun kò so ìjánu náà padà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín epo. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Zoulfath, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ó wò ó.

"Bàbá Kaoussara, ẹ lọ bá tonton Seidou, kẹ́ ẹ ní gìtá yín àtijọ́ lẹ fẹ́."

"Mo ti lọ. Ó ní Farid á bínú."

"Ẹ jẹ́ kí Rachidi ta á nígbà náà."

Issiaka mú aṣọ, ó ń nu epo lọ́wọ́. Ìbínú wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù náà wà níbẹ̀, kò sì mọ èyí tó tóbi ju èkejì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kaoussara, ọmọbìnrin wọn tó ń lọ sí ọdún mẹ́ta, ń ké lágbàlá pé, "Ìyá! Ìyá!" Ebi ló ń pa á. Zoulfath wà nínú ilé. Kadidjatou, ìyá Issiaka, ló jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà gan-an, kò sì mira.

Issiaka, tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀, ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn, ẹ ò sì dá a lóhùn?"

Màmá wò ó bí ẹni pé kò gbọ́n. "Èmi kọ́ ló ń pè. Ìyá rẹ̀ ló ń pè. Tó bá yá, á wá fẹ̀yìn tì mí."

Zoulfath jáde pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, ó jókòó. Bí màmá ti wí gẹ́lẹ́ ló rí. Ọmọ náà wá sórí ẹní, ó fi gbogbo ẹ̀yìn ti itan ìyá àgbà, ibẹ̀ ló sì ti ń nawọ́ gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, ẹ̀kọ kò dànù. Issiaka dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Lójijì ó sáré wọlé, ó gbé gìtá funfun, ó fi àtàǹpàkò ti okùn tó nípọn jù. Kò ta á. Ó kàn fara tì í ni. Okùn náà gbà á dúró. Àwọn ìka yòókù sì balẹ̀ fúnra wọn sórí ìkejì.

Ìyá dún.

"Alhamdulillahi!" Igbe rẹ̀ pọ̀ débi pé Zoulfath béèrè láti ìta pé ta ló dé.

Ṣé ara rẹ̀ wá balẹ̀? Níbo! Ọjọ́ méjì péré ló kù, ọwọ́ tó sì ti ń rin ọ̀nà kan láti ọdún mọ́kànlá kì í gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ Kika, ó ń fi àtàǹpàkò ti orúnkún, ti ìjókòó, ti apá Seidou pàápàá, títí tí Seidou fi bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti kún pápá, Farid wà lórí àga níwájú. Nínú orin àkọ́kọ́, àtàǹpàkò Issiaka yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rachidi gbójú sókè láti ìdí píánò. Issiaka rí i, ó dá àtàǹpàkò padà kíákíá. Orin gbóná sí i. Seidou gbé àgbọ̀n sókè, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyá!"

Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Issiaka fara ti Ìyá àgbà, ó sì ta Ìyá. Ó bọ́ sí i. Ó fà á, ó mì ín jìgìjìgì, agbo sì gbé ariwo. Ohùn náà mọ́ gaara, ó mọ́ jù lójú tirẹ̀, àárò ohùn wáyà ìjánu tó há yẹn sì sọ ọ́ láyà. Bóyá ìyẹn ló fà á. Nígbà tó ku díẹ̀ kí orin parí, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, ó gbé àtàǹpàkò kúrò, ó sì fi gbogbo agbára ta okùn tó ti ń fara tì láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tó ti bá orin mu. Ilẹ̀ mì. Farid fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Seidou yí padà. "Ta ló pe Ìyá àgbà?"

Issiaka ní, "Kò sẹ́ni tó pè é, tonton. Òun ló ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀."

Rachidi gbé ọwọ́ kúrò lórí píánò, ó pàtẹ́wọ́. Seidou rẹ́rìn-ín, ó sì tún ti ń gbé àgbọ̀n sókè. Àtàǹpàkò Issiaka náà ti padà síbi tó ń fara tì.