Ìsinmi Tó Fẹ́ Pa Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n ò sì ní bínú, torí ìyàwó mi tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀ gan-an ṣì ń sọ pé mo fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyí: nínú gbogbo ìlú Ìwó, ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí ìsinmi, ọ́fíìsì mi sì ni.

Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé gírámà kan níbí, ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àga lọ. Orí ń fọ́ mi, oorun ò kún ojú mi mọ́, mo sì ti ń jágbe mọ́ àwọn tíṣà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Dókítà kan, ọmọ ìjọ wa tí mo dàgbà jù, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ lọ jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì tí kò tíì wálẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ni mo máa fún yín."

Ẹ̀rù bà mí. Ọjọ́ orí tí mo wà yìí ni bàbá mi wà nígbà tí wọ́n fún un ní irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀, gbígbé ni wọ́n sì gbé e jáde. Mo lọ sílé, mo pa fóònù, mo nà gbalaja sórí àga gígùn nínú pálọ̀.

Ohun tí èmi àti dókítà gbàgbé ni pé Ìwó la wà. Níbí, èèyàn kì í gbọ́ pé ara ẹnìkan ò yá kó fi fóònù kí i lásán. Ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, kó jókòó. Tí o bá sì sọ fún wọn pé ò ń sinmi ni, wọ́n á wo ojú ara wọn. Àgbàlagbà tó ní òun kàn ń sinmi, àìsàn ọ̀hún ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Àwọn ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n wá ń ka àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú lọ.

"Bó ṣe ṣe àbúrò ọkọ mi ní Ilé-Ogbó nìyẹn," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ó jẹun tán ni o. Ó ní kí wọ́n bu omi wá."

"Ṣé ó mu omi náà?" ni mo bi í.

"Omi wo, ọ̀gá?"

Bí wọ́n ṣe ń jáde ni àáfà tó múlé tì wá ń wọlé. Ó jókòó tì mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má fọkàn sí ohun tí wọ́n ń sọ. Lágbára Ọlọ́hun, tiyín ò tíì tó ti ẹni tí a sin níjẹta."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tíṣà mi kún ilé. Igbákejì mi ló kúnlẹ̀ ṣíwájú.

"Ọ̀gá, a ò bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá o. Ẹ kàn máa sinmi."

"Ẹ ṣeun."

"Atẹ́gùn kàn ṣí òrùlé kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni. Ẹ má rò ó rárá."

"Gbogbo òrùlé náà?"

"Ẹ má rò ó, sà. Àwọn òbí tó wá jà nítorí ẹ̀, a ti ní kí wọ́n máa bọ̀ níbí, kí ẹ lè bá wọn sọ ọ́ ní wọ́ọ́rọ́wọ́."

Àwọn òbí náà wá. Wọn ò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Níbi sẹmínà, wọ́n máa ń kọ́ àwa olórí pé kí á fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọn ò sọ ibi tí a ó fi ilé sí. Nígbà tó fi máa di ìdájí Ọjọ́bọ̀, orí mi ń lù kì-kì-kì, ọjọ́ Ẹtì sì dé tán. Mo ro ibi tí mo lè sá sí. Oko àna mi ní Olúpọ̀nnà? Wọ́n á kí mi níbẹ̀ ju ti ilé lọ. Ìgbà náà ló sọ sí mi lọ́kàn: kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé n ò sí ní ọ́fíìsì.

"Dádì, wọ́n ní kí ẹ sinmi, ẹ ń lọ síbi iṣẹ́?" ni ìyàwó mi wí.

"Oorun ni mo fẹ́ lọ sùn."

"Kí ni kí n wá sọ fún àwọn àlejò?"

"Sọ fún wọn pé mo ń sùn. Irọ́ kọ́."

Mo fa fìlà bojú, mo wọ kẹ̀kẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ọ́fíìsì, mo tì í. Mo tẹ́ kọ́tìnnì àtijọ́ sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Mo gbọ́ ohùn igbákejì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ọ̀gá ò sí níbí. Ẹ lọ bá wọn nílé, ara wọn á yá tí wọ́n bá rí yín." Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń jìnnà lọ sí ilé mi, bẹ́ẹ̀ ni ara mi ń fúyẹ́. Aago ilé-ìwé dún, mo jẹ́ kó dún. Mo sùn títí àwọn ọmọ fi lọ sílé.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyàwó mi ní àwọn àlejò kún ilé, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo rárá. Àáfà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé kí wọ́n rọra gbàdúrà, kí wọ́n má jí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti wálẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì.

"Ẹ wo àgbà tó ń gbọ́ràn. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílé, wọ́n sì jókòó."

Mo ń wo ilẹ̀.

"Nítorí náà, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un fún yín."

"Dókítà, ṣé n ò lè máa yọjú síbi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀?"

"Rárá o. Ibẹ̀ ló fẹ́ pa yín." Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan nínú ilé, á máa ṣe yín bákan. N óò ní kí wọ́n kéde ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn èèyàn lè máa wá bá yín ṣeré."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.